Ìtọ́jú Ológbò Onírun Gígùn, Pẹ̀lú Gbogbo Àṣìṣe Rẹ̀

Ológbò onírun gígùn ni ológbò tí irun rẹ̀ kò tètè gbọ́ pé ó tó. Nínú ara gbogbo ológbò ni èròjà àjogúnbá kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní FGF5, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dá irun dúró nígbà tó bá gùn dé ìwọ̀n kan. Ọmọ tó bá jogún èyí tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ ìyá, tó tún jogún èyí tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ bàbá, irun rẹ̀ yóò gùn ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ti jogún rẹ̀, irun rẹ̀ yóò kúrú bíi ti ológbò tí gbogbo wa mọ̀. Ọdún 2007 ni àwọn onímọ̀ fìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, bó ṣe gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì wá yìí sì wà lára ohun tó fà á tí onírun gígùn fi ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ológbò tó ń ṣọ́ àká àti àjà wa.

Onírun gígùn ni o, onírun kúkúrú ni o, ìran ológbò igbó Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Felis lybica ni gbogbo wọn. Ní erékùṣù Kípírù tí Bíbélì dárúkọ, àwọn awalẹ̀ rí ibojì kan tó ti tó nǹkan bí ọdún 9,500, tí wọ́n sin ènìyàn sí pẹ̀lú ológbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí ayé mọ̀ jù nínú àwọn onírun gígùn ni èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Páṣíà pè. Ó wà lára àwọn tí wọ́n kó síta níbi àfihàn ológbò tí Harrison Weir ṣètò ní Crystal Palace, ní London, ní oṣù Keje ọdún 1871. Níbẹ̀, orí tìmùtìmù ni àwọn ológbò jókòó sí.

Ní Ìsánlú, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, ológbò kì í jókòó sórí tìmùtìmù. Eku ló ń pa. Ẹni tó bá ní èlùbọ́ tàbí àgbàdo nílé kò lè ṣe kó má nílò rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó nílò rẹ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀. Ojú rẹ̀ tó ń tàn lóru ti tó ẹ̀rí fún àwọn kan pé ìpàdé àjẹ́ ló ti ń bọ̀. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé ológbò funfun kan wọ̀ nínú oṣù Kejìlá, akọ, ọmọ ọdún méjì, onírun gígùn, tí ìdílé kan ní Àbújá ń wá ẹni tí yóò gbà á nígbà tí wọ́n fẹ́ jápa. Ẹni tó gbà á ni ẹni tó ń kọ èyí. Nítorí ìtìjú, alágbàtọ́ ni a ó máa pè é láti ibí lọ.

Ojú ọ̀nà ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀. Àgò tàbí agbọ̀n olómọrí tó le, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ni a fi ń gbé ológbò rìnrìn àjò. A ó fi aṣọ tó ní òórùn ilé àtijọ́ rẹ̀ tẹ́ inú rẹ̀, a ó sì da aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, torí ológbò tí kò rí ohun tó ń kọjá máa ń fara balẹ̀ ju èyí tó ń rí i lọ. Àgò adìẹ lásán tó bẹ́ẹ̀. Páálí ni alágbàtọ́ lò, ó sì fi okùn dì í bí ẹrù iṣu. Ohun tí kò rò ni pé ológbò tí ẹ̀rù bá ń bà máa ń tọ̀, àti pé páálí tó bá ti rin kì í gbé ẹrù mọ́. Ọkọ̀ ti kọjá Lọ́kọ́ja, ó ti kọjá Obajana, ó ń sún mọ́ Kàbà, nígbà tí ìdí páálí yọ. Ejìká ìyá kan tó ń sùn ni ológbò kọ́kọ́ gùn. Ìyá náà lajú, ó rí ohun funfun onírun gàgàrà kan létí rẹ̀, ó sì ké “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” tí gbogbo ọkọ̀ fi ṣe “Àmín.” Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Ó béèrè pé ta ló ni nǹkan náà. Fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan gbáko, alágbàtọ́ wo ojú fèrèsé bíi tàwọn yòókù, bí ẹni tí kò mọ ọkùnrin náà rí. Bí àkùkọ bá wà nítòsí, ì bá kọ. Nígbà tó jẹ́wọ́, owó ìjókòó kejì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ológbò sì fi abẹ́ àga ìkẹyìn ṣe ilé títí wọ́n fi kọjá Mọ̀pà tí wọ́n sì dé Ìsánlú.

Bó bá délé, yàrá kan ṣoṣo ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. Imú ni ológbò fi ń mọ ilé. Òórùn kan ń jáde lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó máa ń nù mọ́ ẹsẹ̀ àga àti igun ògiri, títí ibẹ̀ yóò fi máa run bí òun. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀ tán, àlejò ni, ẹ̀rù sì ń bà á. Oúnjẹ àti omi, àpótí ìyàgbẹ́ ní igun tó jìnnà sí wọn, àti ibi ṣíṣókùnkùn kan tó lè sá wọ̀: yàrá náà kò nílò jù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gba ológbò tọ́ máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi bẹ̀rù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò fi mọ bí ilé ṣe ń lọ, oṣù mẹ́ta ni yóò fi gbà pé ilé òun ni. Òdiwọ̀n ojú lásán ni, àmọ́ kò jìnnà sóòótọ́.

Alágbàtọ́ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó ti Àbújá dé kì í dá jókòó ní Ìsánlú: ará àdúgbò á wá kí i ní “Ọ̀kún”, ìkíni tí wọ́n fi sọ gbogbo ilẹ̀ náà lórúkọ. Ènìyàn mọ́kànlá ló wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà láti kí i àti láti wo ẹranko rẹ̀, ẹni kejìlá sì mú ajá ọdẹ dání. Ológbò gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó gba ibi tí sílíìnì ti ya, ó wọ àjà lọ.

Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kí a pa ilé mọ́ rọ́rọ́, kí a gbé oúnjẹ síbi tó lè rí i, kí a sì lọ sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, alágbàtọ́ gun àjà lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Igi ló yẹ kó tẹ̀. Sílíìnì ló tẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ já sí pálọ̀ ìyá onílé títí dé itan, níbi tí màmá náà ti ń wo ìròyìn agogo mẹ́sàn-án. Màmá wo ẹsẹ̀ náà díẹ̀, ó sì dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. “Ọ̀kún o, ọmọ mi,” ó wí fún ẹsẹ̀ náà, “àkàbà wà lẹ́yìn ilé.” Ológbò jókòó sórí igi kan nítòsí, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí agogo méjì òru, tí ẹnikẹ́ni kò wá a mọ́, ó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó jẹ ẹja, ó sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ojú ológbò pẹ̀lú ní èdè tirẹ̀. Títẹjú mọ́ni, ìjà ni lójú ológbò. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sussex tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2020 pé bí ènìyàn bá rọra di ojú tó sì rọra là á, ológbò tí kò mọ̀ ọ́n rí pàápàá máa ń fẹ́ sún mọ́ ọn. Alágbàtọ́ ti fi odindi ọjọ́ méjì tẹjú mọ́ ihò àjà. Nígbà tó gbọ́ nípa ìwádìí yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ṣẹ́jú wọ̀ọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ológbò dá a lóhùn. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n gba ojú fèrèsé rí i ní tiwọn gbàdúrà fún un.

Nípa oúnjẹ, ẹran ni ológbò ń jẹ. Èròjà kan wà nínú ẹran àti ẹja tí wọ́n ń pè ní taurine. Ara ológbò kò lè ṣe èyí tó tó o, bí kò bá sì rí i jẹ, ojú rẹ̀ yóò bàjẹ́, ọkàn rẹ̀ yóò rẹ̀. Nítorí náà, èbà tí a fọwọ́ kan ọbẹ̀ sí kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀, bó tilẹ̀ ń jẹ ẹ́. Ẹja bíbọ̀ tí a ti yọ egungun rẹ̀, adìẹ, ọkàn ẹran àti ẹ̀dọ̀ díẹ̀ dára, láìfi iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà sí i. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì ṣòro láti rí ọbẹ̀ Yorùbá tí kò ní in. Kò mọ adùn ṣúgà rárá. Ahọ́n rẹ̀ kò ní ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Ológbò tuntun lè kọ oúnjẹ ní ọjọ́ kìíní, àmọ́ bó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹta, dókítà ẹranko ló kàn, torí ọ̀rá lè bo ẹ̀dọ̀ ológbò tí ebi ń pa, àgàgà èyí tó sanra.

Ti mílíìkì ni kí a ṣọ́ra fún. Nínú ìwé àwòrán tí alágbàtọ́ kà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo ológbò ló ń lá mílíìkì. Ológbò àgbà púpọ̀ ni inú wọn kì í lè lọ̀ ọ́. Alágbàtọ́ da odindi agolo kan sínú àwo, ológbò lá a mọ́ féfé, ọ̀rọ̀ sì di ti ìdí. Lára ológbò onírun kúkúrú, ìgbẹ́ gbuuru jẹ́ ìyọnu; lára èyí tí irun ìdí àti itan rẹ̀ gùn tó ìka ọwọ́, ohun mìíràn ni, àkọsílẹ̀ yìí kò sì ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń gé irun ibẹ̀ kúrú kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ológbò kò nílò ẹ̀kọ́ púpọ̀ kó tó mọ ibi ìyàgbẹ́. Ilẹ̀ tó rọ̀, tó gbẹ, tó ṣeé fọwọ́ wà, tí kò sì sí lẹ́bàá oúnjẹ, ló ń wá. Iyanrìn odò tí a jọ̀ nínú abọ́ fífẹ̀ tó. Ìyẹ̀fun pákó máa ń há sínú irun gígùn. Alágbàtọ́ gbé abọ́ iyanrìn sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ oúnjẹ, kí gbogbo nǹkan lè wà lójú kan. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ìyá onílé yan gaàrí, ó sì tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè tutù. Ẹni tó bá fi ojú ológbò wò ó kò ní bá a wí: ó rọ̀, ó gbẹ, ó ṣeé wà, ẹnikẹ́ni kò sì jẹun lẹ́bàá rẹ̀. Ó wà á, ó lò ó, ó sì bò ó dáadáa, tó fi jẹ́ pé bí ọmọ kan kò bá rí i ni, a ì bá máa sọ ìtàn mìíràn. Múdù mẹ́rin ni alágbàtọ́ san padà. A máa ń kó ìgbẹ́ kúrò lójoojúmọ́, kì í ṣe nítorí òórùn nìkan: kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní toxoplasma tí ẹyin rẹ̀ ń gba ọjọ́ kan sí márùn-ún kó tó lè ran ènìyàn. Kí aboyún má ṣe kó o.

Irun wá ni olórí ọ̀rọ̀. Ahọ́n ológbò kún fún ẹ̀gún kéékèèké tí orí wọn tẹ̀ sẹ́yìn sí ọ̀nà ọ̀fun. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní Georgia Tech ní Amẹ́ríkà fi hàn pé orí ẹ̀gún náà dà bí ìgbákọ: ó ń gbé itọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ irun, níbi awọ. Ológbò onírun kúkúrú kò nílò ìrànlọ́wọ́ jù èyí lọ. Ti onírun gígùn ju agbára ahọ́n lọ: èyí tó bá já, ó ń gbé e mì, torí ẹ̀gún tó tẹ̀ sẹ́yìn kò jẹ́ kó lè tu ú, èyí tó gbé mì ń di kókó nínú, yóò sì bì í sórí ohun tó wọ́n jù nínú yàrá. Èyí tí kò já ń lọ́ mọ́ra. Ènìyàn ní láti bá a yà á.

Òòyà onírin tí eyín rẹ̀ fẹjú ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọrùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ ń gbà kí a fọwọ́ kàn. Ẹ̀yìn ló tẹ̀lé e. Ikùn ni ìgbẹ̀yìn, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó gbà. Òkè orí irun ni a ti ń yà á bọ̀ wá sí ìdí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú òwú. Ẹni tó bá ti ìdí fà á yóò kàn so gbogbo ìdìpọ̀ pọ̀ ni. Ìṣẹ́jú méjì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó. Bí ìrù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì, tí etí yí sẹ́yìn, iṣẹ́ tán lọ́jọ́ náà.

Oṣù Kìíní ni alágbàtọ́ bẹ̀rẹ̀, ọyẹ́ ti mú gan-an, ètè gbogbo ìlú ti là. Òòyà oníke tí wọ́n fi ń ya irun ọmọbìnrin ló mú. Nínú ọyẹ́, oníke tó bá ra irun gbígbẹ máa ń dá iná kéékèèké tó ń ta ni lára, ó máa ń dún tátátá. Bí ènìyàn bá rẹ ọwọ́ sómi díẹ̀ kó fi pa irun náà, iná náà á dẹ̀. Alágbàtọ́ kò rẹwọ́ sómi. Ó dá ológbò délẹ̀, ó sì ti ìdí irun ikùn bẹ̀rẹ̀. Ikùn ni ibi tí ológbò kì í jẹ́ kí ọ̀tá dé láàyè. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ni Ọlọ́run fi ṣọ́ ọ. Àpá mẹ́sàn-án ló wà lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn nìkan ni alágbàtọ́ ń yà, ó ń dán gbinrin, ẹni tó bá sì wo ológbò láti òkè yóò yìn ín.

Ní ìsàlẹ̀, ohun mìíràn ń lọ. Ẹ̀yìn etí, abíyá, ikùn àti itan ni irun ti ń kọ́kọ́ lọ́ mọ́ra, torí ibẹ̀ ni ara ti ń fi ara gbo. Nígbà tí oṣù Kìíní yóò fi parí, kókó bí ẹyin àdàbà ti so kọ́ sí abíyá méjèèjì. Ìyá onílé ló kọ́kọ́ rí i. Ó pe alágbàtọ́ jókòó, ó sì sọ fún un pé nǹkan yìí, dàdá ni, dàdá kì í sì í ṣe ohun tí ọmọ aráyé kàn ń fi abẹ kàn. Kó ṣe sààrà fún un ná. Alágbàtọ́, tó jẹ gbèsè sílíìnì àti gaàrí, kò lè jiyàn. Ó ra ẹ̀wà, ó ra àkàrà, ó ra ìrèké, àwọn ọmọ àdúgbò sì jẹ wọ́n tán. Ológbò gbóòórùn ìrèké, ó yí ojú kúrò, èyí tó bá ohun tí a sọ nípa ṣúgà mu. Ohun kan ṣoṣo ló jẹ yọ láti inú ayẹyẹ náà: láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Dàdá.

Bí a ṣe ń tú kókó ni pé kí a fi ìka méjì di irun mú ní ìdí, láàárín kókó àti awọ, kí fífà má bàa dé ara; kí a wọ́n lẹ́búlẹ́bù àgbàdo kíkúná sí i, kó lè yọ̀; kí a fi ìka pín in sí wẹ́wẹ́, kí òòyà tó wọ̀ ọ́. Ó ń gba ọjọ́ púpọ̀. Alágbàtọ́ fẹ́ kó tán lọ́jọ́ kan. Òrí ló kọ́kọ́ lò, torí ohun tó bá ń rọ awọ ọmọ tuntun yóò rọ kókó. Kókó kò rọ̀. Òrí tàn dé ẹ̀yìn, eruku ọyẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tó sì fi di ọ̀sán, ológbò funfun ti di àwọ̀ ilẹ̀ pupa Yàgbà. Ó kù kí wọ́n wẹ̀ ẹ́.

Ìwẹ̀ kì í ṣe dandan fún ológbò, àfi tí ohun tí ahọ́n rẹ̀ kò lè mú kúrò, tàbí tí kò yẹ kó lá, bá wà lára rẹ̀. A ó kọ́kọ́ tú gbogbo kókó, torí omi ń mú kókó so pọ̀ bí okùn tó rin. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ ni a ń lò, kì í kan orí, ọṣẹ rẹ̀ sì ni èyí tí wọ́n ṣe fún ológbò, torí ọṣẹ ènìyàn kò bá awọ rẹ̀ mu. Alágbàtọ́ kò tú kókó. Ó po ọṣẹ dúdú nínú ọpọ́n ìfọṣọ, ó di Dàdá mú ní ọrùn, ó sì kì í bọ omi. Ìró tí Dàdá ké dé ọ̀nà Mọ̀pà. Ó gba orí alágbàtọ́ jáde, ó gba àgbàlá kọjá pẹ̀lú ìfófò ọṣẹ lára, ó wọ ilé ìdáná ìyá onílé, ó sì bọ́ sínú ààrò tí iná ti kú, níbi tí eérú gbígbẹ wà. Ó yí i. Eérú lórí ọṣẹ, ọṣẹ lórí òrí, òrí lórí erùpẹ̀. Ohun tó jáde níbẹ̀ kò jọ ológbò, kò sì jọ ẹranko kankan tí ìlú náà mọ̀. Ọmọdé kan tó ń bọ̀ láti ibi omi sọ korobá sílẹ̀, ó rò pé egúngún ni.

Sísáàsì ló tẹ̀lé e. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi sísáàsì gé kókó ológbò: awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì máa ń gòkè wọ inú kókó, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọpẹ́ ni pé àtàǹpàkò alágbàtọ́ ni sísáàsì kọ́kọ́ bá, iṣẹ́ sì dúró. Ó gbé Dàdá, tó ti wé mọ́ táwẹ́ẹ̀lì, lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ ṣí táwẹ́ẹ̀lì wò, ó tún un dé. “Ọ̀gá,” ó wí, “irun ènìyàn ni mo kọ́.” Dókítà ẹranko ló gbà á sílẹ̀ níkẹyìn: abẹ́rẹ́ oorun, ẹ̀rọ ìgérun, ogún ìṣẹ́jú. Dàdá padà wálé pẹ̀lú ikùn àti abíyá tó mọ́ bí ti adìẹ tí wọ́n tu, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn bíi ti àná. Irun kò ní ìmọ̀lára, ó sì ń padà hù. Oṣù mélòó kan ló gbà.

Lẹ́nu iṣẹ́ náà ni dókítà ti rí iná ara, èyí tí ènìyàn kì í tètè rí lábẹ́ irun gígùn. Ẹnì kan ládùúgbò ti ní kí wọ́n fi kẹrosíìnì pa á, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ajá láyé àtijọ́, alágbàtọ́ sì ti ra ìgò kan. Èyí nìkan ni àṣìṣe tí kò rí àyè ṣe. Kẹrosíìnì ń jó awọ, ológbò yóò sì lá a wọnú. Oògùn kòkòrò tó ní permethrin, tí ajá ń lò láìsí ewu, lè pa ológbò, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè tú u. Bẹ́ẹ̀ náà ni parasitámọ́ọ̀lù: hóró kan ṣoṣo lè pa á. Oògùn tí wọ́n kọ orúkọ ológbò sí lára, ní ìwọ̀n tí dókítà sọ, ni kí a lò.

Ìgbà òjò ní ìyọnu tirẹ̀. Ológbò tó bá ti mọ ilé yóò fẹ́ jáde, oko kò sì jìnnà sí ilé ní Ìsánlú. Èèmọ́ àti abẹ́rẹ́ olóko tó ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò àgbẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ irun gígùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ kókó tuntun. Ìrọ̀lẹ́, kó tó jẹun, ni a ń yẹ̀ ẹ́ wò: àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, abẹ́ ìrù, ikùn. Lákòókò kajú, kó má ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń sun èso rẹ̀. Òróró inú èèpo rẹ̀ ń bó awọ. Ooru kò fi bẹ́ẹ̀ pa á lára bí òjìji bá wà àti omi, torí irun tí a yà dáadáa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé awọ. Ẹni tó bá fá a kodoro nítorí ooru ti fi í lé oòrùn lọ́wọ́, àgàgà funfun.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kò ṣeé fi falẹ̀. Láti oṣù mẹ́ta ni ọmọ ológbò ti lè gbà á, ológbò àgbà tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ sì ní láti gbà á ní kíá. Kí olówó rẹ̀ béèrè bóyá irú èyí tó wà nílẹ̀ yẹ fún ológbò, torí àwọn kan wà tó jẹ́ ti ajá nìkan.

Títẹ̀ lọ́dàá ló kù. Akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá yóò máa tọ̀ sára ògiri, yóò máa jà lóru, yóò sì máa bímọ káàkiri. Nínú oṣù Kejì ni dókítà ti sọ ọ́. Alágbàtọ́ ní kí ikùn Dàdá hu irun padà ná, kó má bàa dà bí ẹni pé gbogbo nǹkan ni wọ́n ń gé lára rẹ̀. Oṣù Karùn-ún ló tó ṣe é. Oyún ológbò kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, nínú oṣù Kẹfà sì ni abo ológbò aládùúgbò bí mẹ́rin sínú agbọ̀n ìyá onílé, funfun lójú kan, dúdú lójú kan.

Irun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrú. Àwọn tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ Dàdá láti inú oyún wò wọ́n, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Bó ṣe yẹ kó rí náà ni: FGF5 tó bàjẹ́ ni bàbá fún wọn, èyí tó dá pé ni ìyá fún wọn, èyí tó dá pé ló sì borí. Àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé èyí tó bàjẹ́ pamọ́ sínú, bí méjì nínú irú wọn bá sì gun ara wọn lọ́jọ́ iwájú, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan nínú mẹ́rin jẹ́ onírun gígùn. Nígbà tí alágbàtọ́ ṣàlàyé èyí fún ìyá onílé, ó gbọ́ ọ dé ìdajì. Ó mú abo kan nínú wọn fi pamọ́. Ó ti pé oṣù márùn-ún báyìí, irun rẹ̀ kò gùn ju ti eku lọ, màmá sì ti ra òòyà onírin tirẹ̀, ó fi há ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti lẹ sílíìnì.